Òrùka Ìyá Mi àti Òòlù Bàbá Kékeré

Nínú ẹbí wa, bí ọmọdé bá ń sọ̀rọ̀ nípa àgbà, "wọ́n" ló gbọ́dọ̀ máa lò. Mo lò ó fún àbúrò bàbá mi láti kékeré: Bàbá Kékeré ti dé, wọ́n ti jẹun, wọ́n ń sinmi. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni mo máa pè é. Èmi ni mo ni ìwé mi. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi, kó máa bínú.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, nídìí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á lo oṣù mélòó kan lórí omi kí wọ́n tó padà wá sí yàrá méjì tí a ń gbé ní Amúkòkò. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìrìn àjò yẹn ni wọ́n ti ra òrùka kan bọ̀ fún ìyá mi. Wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òkúta kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, kò sì tó hóró àgbàdo. Bàbá mi sọ pé dáyámọ́ǹdì ni. Ìyá mi ní àwọn gbọ́, wọ́n ní ẹ ṣeun, wọ́n fi í sọ́wọ́, wọ́n sì padà sídìí ẹja wọn.

Ẹja yíyan ni ìyá mi ń tà. Wọ́n máa ń lọ rà á láàárọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Marine Beach, wọ́n á wá yan án lórí ààrò tó wà lẹ́yìn ilé. Wọn kì í bọ́ òrùka yẹn, ì báà jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń fọ ẹja, ì báà jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń yí i lórí iná. Òróró ẹja á lẹ̀ mọ́ ọn, èéfín á tún bà lé òróró, títí òkúta náà fi rí bí ojú ẹja tó ti kú láti àná. Àwọn obìnrin ilé wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí òrùka tiwọn, tí wọ́n rà lórí àtẹ lásán, ń kọ mànà. Ìyá mi á kàn rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi ló rà á. Ohun tí wọ́n bá pè é náà ni mo pè é."

Mo wà níléèwé girama nígbà tí bàbá mi ti orí omi dé pẹ̀lú àìsàn. Wọn ò padà sórí omi mọ́. Kò pẹ́ tí a sin wọ́n tí Bàbá Kékeré wọlé tọ̀ wá wá, aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lára ìyá mi. Ó mú àgbà ẹbí méjì dání. Àwọn yẹn jókòó, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ó gbé tẹlifíṣàn, ó gbé fáànù, ó mú aago ọwọ́ bàbá mi. Ìyá mi ò bá a jiyàn lórí ọ̀kankan. Ìgbà yẹn ló wá na ìka sí wọn.

"Ìyàwó wa, òrùka yẹn ńkọ́?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni wọ́n rà á fún. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fi í sí mi lọ́wọ́."

"Nǹkan ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohun tó bá ti jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, ti ẹbí ni. Àbí wàá wọ dáyámọ́ǹdì wa lọ fẹ́ ọkọ míì ni?"

Òrùka náà ò bọ́. Ìka ìyá mi ti wú látàrí omi àti iná. Bàbá Kékeré yíjú sí mi, ó ní kí n lọ bu omi ọṣẹ wá. Mo bu ú wá. Mo gbé abọ́ náà dání bó ṣe ń yí òrùka lọ́wọ́ ìyá mi, tó ń fà á, tí ìyá mi ń di eyín, títí ó fi bọ́ pẹ̀lú awọ díẹ̀. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó gbìyànjú rẹ̀ sí ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó sì bá a mu.

"Ó dáa," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ohun tí màá fi san án fún un. Mi ò tíì mọ ohun tó máa jẹ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìpàdé ẹbí, tó bá ń fi ìka yẹn tọ́ka síni, tó ń fi í rán àwọn ìyàwó ilé níṣẹ́, mo máa ń wo òrùka náà, mi ò ní wo ojú rẹ̀. Màá ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan, màá kúnlẹ̀ kí i: "Bàbá Kékeré, ẹ káàsán o." Á ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lẹ́."

Nígbà tí mo jáde níléèwé, mo lọ tọrọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta wúrà àti òkúta iyebíye ní Àpápá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé mo fẹ́ràn nǹkan ẹ̀ṣọ́ ni. Rárá o. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn gbà lọ́wọ́ ìyá mi ni.

Ọ̀gá mi níbẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà obìnrin tí kì í pariwo. Ilẹ̀ gbígbá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n. Wọ́n á gbé òkúta méjì síwájú mi, wọ́n á ní, "Mí sí i lára." Màá mí sí i bí ẹni tó fẹ́ nu dígí. Èéfín ẹnu mi á wà lójú ọ̀kan, lára èkejì á ti pòórá kí n tó ṣẹ́jú. Wọ́n ṣàlàyé pé dáyámọ́ǹdì máa ń gbé ooru kiri ara rẹ̀ ju fàdákà pàápàá lọ, kì í jẹ́ kí ooru dúró síbì kan. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tutù bí o bá gbé e kan ètè. Ohun kan náà ni ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bí bírò ń lò nínú ṣọ́ọ̀bù wa: ẹnu rẹ̀ gbóná díẹ̀, bó bá kan dáyámọ́ǹdì tó rí i pé ooru ti sá lọ, á han bíi fèrè. Bó bá kan gíláàsì, á dákẹ́. Bó bá kan sákọ́nì, òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń tan àwọn ìyàwó tuntun jẹ, á dákẹ́ bákan náà.

"Ṣùgbọ́n má gbọ́kàn lé ẹ̀rọ nìkan," ọ̀gá mi á wí. Òkúta kan tún wà tí wọ́n ń ṣe lóde òní tó lè tan ẹ̀rọ yẹn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fi awò sójú kan, kí wọ́n wo òkúta láti ẹ̀gbẹ́. Bí etí àwọn ojú tí wọ́n gé sí i lára bá ń rí méjì-méjì, bí ìgbà tí omijé bá wà lójú ẹni, kì í ṣe dáyámọ́ǹdì. Wọ́n kọ́ mi pé etí ojúlówó máa ń mú, ti ayédèrú tó ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn á ti kú bí etí ọṣẹ tí a ti ń fi wẹ̀. Wọ́n fi sákọ́nì àti dáyámọ́ǹdì tí títóbi wọn dọ́gba sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ní kí n dijú. Sákọ́nì ló wúwo jù.

Lọ́jọ́ kan, à ń fọ àwọn òkúta tí oníbàárà kan kó wá, ọ̀gá mi kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: "Dáyámọ́ǹdì ò fẹ́ omi, ọ̀rá ló fẹ́. Ọ̀rá kankan tó bá kàn án, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Obìnrin tó bá ń dáná pẹ̀lú rẹ̀, tí kì í fọ̀ ọ́, tirẹ̀ á máa rí bàìbàì ju gíláàsì ọjà lọ."

Ọwọ́ mi dúró nínú omi. Lójú ọkàn, mo rí ìyá mi nídìí ààrò.

Ohun míì tí mo kọ́ ni èyí. Obìnrin kan mú òrùka wá tí òkúta rẹ̀ ti là sí méjì, ó ń sunkún pé wọ́n ta ayédèrú fún òun, pé ọwọ́ òun kàn gbá etí ọpọ́n omi ni. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní ojúlówó ni. Nígbà tí obìnrin náà lọ, wọ́n sọ fún mi pé kò sí ohun tó lè ha dáyámọ́ǹdì, àfi dáyámọ́ǹdì ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìlà nínú bí igi ìdáná. Bí nǹkan bá gbá a síbi ìlà yẹn, ó máa là. "Àwọn èèyàn rò pé ohun tí kò ṣe é ha kò ṣe é fọ́," ni wọ́n wí. "Wá wo òkúta tí wọ́n ti fi òòlù bà jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn."

Mo tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn síkùn.

Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ Bàbá Kékeré dojú rú. Ajẹ́ńtì ẹrù ni ní ìdíkọ̀ ojú omi, ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde, ó sì ní tírélà tó ń kó o. Tírélà kan ṣubú, òmíràn kú sójú kan, àwọn oníbàárà sì yà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ó wá rántí pé òun ní òrùka. Ó rí ọkùnrin kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó fẹ́ rà á, bó bá ti lè jẹ́ ojúlówó. Ó pè mí lórí fóònù.

"Ọmọ mi! Mo gbọ́ pé o ti di dókítà òkúta. Wá bá mi wo nǹkan kan ní yáàdì. Mi ò lè gbé e fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀."

Mo tọrọ ẹ̀rọ àti awò lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì lọ. Yáàdì rẹ̀ wà ní Creek Road, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn dẹ́rẹ́bà jókòó sábẹ́ tírélà tó ti kú, mẹkáníìkì kan ń lu irin. Bàbá Kékeré bọ́ òrùka náà, ó gbé e lé tábìlì, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní omi gbígbóná àti ọṣẹ.

Èmi fúnra mi ni mo fọ̀ ọ́. Ọ̀rá gbogbo ọdún tó ti lò lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣí kúrò, bóyá ti ìyá mi náà wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sínú oòrùn, iná já lára òkúta yẹn, funfun, àwọ̀ búlúù, pupa bí ẹyin iná. Mi ò rí òkúta ìyá mi rí títí di ọjọ́ yẹn. Ọ̀rá ẹja ni mo ti ń wò láti kékeré. Mo mí sí i, èéfín ò dúró. Mo gbé ẹ̀rọ kàn án, ó han. Mo fi awò wò ó láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo etí rẹ̀ mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n. Bàbá mi ò parọ́ fún ìyá mi.

"Bàbá Kékeré, ojúlówó ni," ni mo wí.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló rán ẹ? Ìyá ẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, sà."

"Mo mọ̀ yín. Ẹ fẹ́ kí n gbé gíláàsì tọ ọkùnrin yẹn lọ, kó pariwo pé oníjìbìtì ni mí, kí ọlọ́pàá wá kó mi. Ṣé mi ò mọ̀ pé inú ń bí yín ni?" Ó já òrùka gbà, ó fi òkúta rẹ̀ ha gíláàsì fèrèsé. Ó fa ìlà funfun. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, sà. Sákọ́nì náà máa ń ha gíláàsì."

Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́, ìfura rẹ̀ tún pọ̀ sí i. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó ní, "Òòlù ńkọ́? Dẹ́rẹ́bà mi kan sọ pé bó bá jẹ́ ojúlówó, òòlù ló máa fọ́, òun ò ní fọ́."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Bàbá Kékeré, nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sínú ilẹ̀, kò sí èyí tó le tó dáyámọ́ǹdì."

"Tó bá wá fọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, sà. Ti ẹbí ni."

Ó pe mẹkáníìkì. Ọkùnrin náà fi ẹ̀mú tú èékánná wúrà tó di òkúta náà mú, ó yọ ọ́. Wọ́n gbé e lé irin tó ń lù lórí. Bàbá Kékeré gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lù ú. Òkúta fò, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kan rí i lẹ́bàá táyà. Nǹkan kan ò tíì ṣe é. "Ẹ ò rí i!" Bàbá Kékeré kígbe. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúró. Ṣùgbọ́n kò fọkàn tán ara rẹ̀, kò sì fọkàn tán mi. Ó bu gíríìsì díẹ̀ sórí irin, ó tẹ òkúta náà sínú rẹ̀ kó má bàa fò mọ́. Gíríìsì sì gbá a mú dáadáa. Ó gbé òòlù sókè.

Ìró rẹ̀ ò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi eyín fọ́ ṣúgà oníhóró. Nígbà tó gbé òòlù kúrò, ìyẹ̀fun àti àfọ́kù kéékèèké ló wà nínú gíríìsì.

Mo rò pé á pariwo. Ẹ̀rín ló bú sí. "Gíláàsì! Mo sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi, olè ni! Ó fi gíláàsì fẹ́ obìnrin! Obìnrin yẹn sì kúnlẹ̀ fún mi nítorí gíláàsì, ó ń sunkún!" Àwọn dẹ́rẹ́bà bá a rẹ́rìn-ín.

Títí di ìgbà yẹn, mo ti pinnu pé màá dákẹ́, kó má mọ ohun tó ṣe sí ara rẹ̀ títí láé. Ìyẹn ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó pe bàbá mi lólè lójú àwọn èèyàn, mo rí i pé kò tíì tó.

Mo mú àfọ́kù tó tóbi jù lọ nínú gíríìsì, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo gbé e sórí tábìlì. "Bàbá Kékeré, ẹ gba ẹ̀rọ yìí. Ẹ fi kan gíláàsì fèrèsé yín." Ó fi kàn án. Ó dákẹ́. "Ẹ fi kan gíláàsì iná tírélà yẹn." Ó dákẹ́. "Ẹ wá fi kan èyí tẹ́ ẹ fọ́."

Ó han. Ó tún fi kàn án. Ó tún han.

"Dáyámọ́ǹdì ni, sà," mo wí, ohùn mi tutù. "Dáyámọ́ǹdì ni kẹ́ ẹ tó lù ú. Kò sí ohun tó lè ha á, ṣùgbọ́n òòlù lè fọ́ ọ. Ó ní ìlà nínú bí igi ìdáná. Bàbá mi ò jalè. Ohun tí wọ́n ní àwọn rà ni wọ́n rà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu àwọn dẹ́rẹ́bà. Bàbá Kékeré yíjú sí mi. "O mọ̀?" ló wí. "O mọ̀ pé ó máa fọ́?"

"Mo sọ fún yín pé ojúlówó ni, sà. Ẹ ní mò ń tàn yín."

Ó kúnlẹ̀ sídìí irin yẹn, ó ń fi èékánná ha gíríìsì, ó ń ṣa ìyẹ̀fun dáyámọ́ǹdì sínú ìwé, yanrìn àti ìdọ̀tí irin ń bá a wọlé. Omi ń jáde lójú rẹ̀. Mo dúró wò ó dáadáa, n kò yára. Nígbà tí mo wò ó tẹ́rùn, mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, mo sì lọ.

Ọ̀gá mi kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré nígbà tí mo ròyìn fún wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Òkúta yẹn ṣẹ̀ ọ́ ni?" Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Wọ́n fẹ́ràn òkúta. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ló nira fún mi láti sọ fún. Wọ́n ń to ẹja sórí wáyà ààrò nígbà tí mo dé. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

"O ò bi mí," ni wọ́n wí. "Òrùka mi ni o fi gbẹ̀san, o ò sì bi mí."

"Màmá, Bàbá Kékeré ì bá ti tà á náà ni."

"Mo mọ̀." Wọ́n yí ẹja kan. Wọ́n yí òmíràn. "Ṣé ó sunkún?"

"Ó sunkún, Màmá. Lórí ìkúnlẹ̀."

Wọ́n ní kí n lọ jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jẹun tán, mo rí i láti ẹ̀yìn pé èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Mo sún mọ́ wọn, ẹ̀rín ni. Wọ́n ní kí n tún un sọ, kí n má fo ibì kankan, kí n sọ bí ìró òòlù yẹn ṣe rí. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin tó ń ra ẹja ní Marine Beach ti gbọ́ ọ.

Nígbà tó ṣe, Bàbá Kékeré wá sílé wa ní Amúkòkò. Òrùka tí kò ní òkúta wà nínú àpò kan, ìwé tí ó di àfọ́kù náà sí wà nínú èkejì. Ó jókòó sórí àga onírọ́bà. Ó ní kí ìyá mi bá òun bẹ̀ mí, bóyá ọ̀gá mi lè fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo sọ fún un pé kò sí ohun tó ń lẹ dáyámọ́ǹdì tó ti fọ́ pọ̀. Ó wá na wúrà òfìfo yẹn sí ìyá mi. "Ẹ gbà á, nígbà náà."

"Rárá," ìyá mi wí. "Ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ."

Wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ẹja méjì fún un, torí àlejò ni, ó sì dúpẹ́, ó jáde. Ìyá mi wo bó ṣe ń rìn lọ lójú pópó. "Ó ti rù o," ni wọ́n wí. Mo wò ó náà. Mo wá àánú nínú ara mi, mo wá a dáadáa, mi ò rí i. Mo gbé àga rẹ̀ wọlé, mo sì bá ìyá mi fẹ́ iná.